Ogójì Adìẹ Ìbẹ̀wò

Ní àárọ̀ Sátidé kan, kí gbogbo nǹkan tó dojú rú, Akọ̀wé wà nínú ilé adìẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ń bá a ṣa ẹyin. Bàtà ọ́fíìsì ló wọ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ìgbẹ́ adìẹ bí ẹni tó ń kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì olówó.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "adìẹ ò mọ̀ pé bàtà tuntun ni. Tẹ ilẹ̀ bí èèyàn."

"Ẹ̀gbọ́n, òun ni mo máa wọ̀ lọ sípàdé ní Mọ́ńdè."

"Ìyẹn náà dáa. Ìpàdé yín á lè gbóòórùn ohun tí ẹ ń ṣàkóso."

Ẹgbẹ̀rin ni adìẹ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn kan ilé náà, pákó kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí ọkọ kú, tí àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ti padà sílé wọn, ariwo adìẹ tó ń bèèrè oúnjẹ ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Ó ti sọ ọ́ fún Akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé bí kì í bá ṣe tiwọn, òun ì bá má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dún yẹn.

"Ẹni tó ń kó oúnjẹ adìẹ wá fún mi ní pẹ́pẹ́yẹ igbó ń kú ní adágún," ni ó tún wí. "Ó ní wọ́n léfòó bí ewé. Kí ni ọ́fíìsì yín wí sí i?"

Akọ̀wé nàró. Ó wúkọ́. "Ọ́fíìsì wa ń fi ojú tó mọ́ kedere wo ọ̀rọ̀ náà."

"Ojú ta ni?"

"Ojú ọ́fíìsì."

"Háà. N ò mọ̀ pé ó lójú." Ó gba agbọ̀n ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbúrò, èmi ni ò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe rédíò. Ṣé kí n bẹ̀rù?"

"Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n."

Ohun tí Akọ̀wé kò sọ ni pé láti ọjọ́ Túsìdeè ni ìwé Dókítà, ìyẹn dókítà ẹran ní ọ́fíìsì wọn, ti dé orí tábìlì òun. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ igbó yìí náà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tó kú. Akọ̀wé kà á láti òkè délẹ̀, ó bá a tún àmì ohùn mélòó kan ṣe, ó sì dá a padà. Kò dá a padà nítorí pé irọ́ ni. Oyè tó wà lókè rẹ̀ ni kò pé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ oyè yìí, torí pé ó pa adìẹ ju ọ̀bẹ lọ.

Ọ̀gá pátápátá ní Ọ́fíìsì Ohun Ọ̀sìn ni Alákòóso. Àkùkọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé kò sí yàrá tó lè wọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ. Tí ó bá kọ, gbogbo ènìyàn á dìde. Tí ó bá jókòó, wọ́n á dúró títí yóò fi rántí pé wọ́n wà lórí ìdúró. Àga rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wo ibẹ̀. Oyè mẹ́sàn-án ló fi ara rẹ̀ jẹ: Baba Ohun Ọ̀sìn, Alábòójútó Gbogbo Abìyẹ́, Ọ̀rẹ́ Adìẹ, Aláàbò Ẹyin, Agbẹnusọ fún Tòlótòló, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹsàn-án, tí í ṣe Ẹni Tí Ẹyẹ Mọ̀. Ìwé tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò bá sí lókè rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Akọ̀wé ni láti kà wọ́n. Ọkùnrin tó ka ìwé fún ọdún mẹ́tàdínlógún, oyè ló wá ń kà.

"Ọ̀gá" nìkan ni Dókítà kọ́kọ́ kọ. Akọ̀wé dá a padà. Ó kọ oyè márùn-ún wá. Akọ̀wé dá a padà. Ó kọ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n inú ti bí i, ó ti kọ Tòlótòló lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fo Ẹyin. Akọ̀wé, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ àti gègé pupa, tún dá a padà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìwé náà fi ń lọ, tó ń bọ̀, láàárín yàrá méjì tó fara ti ara wọn. Àrùn náà kò ní gègé pupa, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ogójì adìẹ. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, Alákòóso lọ bẹ oko adìẹ kan wò, ó sì rí adìẹ kan tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti re. Inú bí i débi pé ó lé ọ̀gá ẹ̀ka ibẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sá awọ màlúù. Jìnnìjìnnì bo gbogbo ọ́fíìsì. Akọ̀wé ló wá rí ọ̀nà àbáyọ: kí wọ́n yan ogójì adìẹ funfun tó sanra, kí wọ́n máa fi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, kí lọ́rì sì máa kó wọn ṣáájú mọ́tò Alákòóso. Oko tí ó bá ń lọ, wọ́n á ti wà níwájú ilé adìẹ ibẹ̀, àwọn adìẹ onílé á wà lẹ́yìn wọn. Bí ó bá ti yíjú, wọ́n á kó wọn lọ sí oko tó kàn. Adìẹ Ìbẹ̀wò ni orúkọ wọn nínú ìwé ọ́fíìsì. Akọ̀wé gba ìgbéga nítorí wọn.

Alákòóso kò mọ̀. Ó rí ogójì adìẹ kan náà ní oko tó lé ní ọgọ́ta, ó sì gbà pé ìṣàkóso òun ló mú kí adìẹ jọra. "Ẹ wò wọ́n!" ni ó máa ń wí. "Ẹ wo ìṣọ̀kan!" Ọ̀kan nínú wọn ní ìka ẹsẹ̀ tó wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ó dà bí ẹni pé mo ti pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí." Gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e pàtẹ́wọ́ fún làákàyè rẹ̀. Pàtẹ́wọ́ Akọ̀wé ló pẹ́ jù.

Ní ọjọ́ kejìlá, Dókítà fi ìwé sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ìpàdé.

"Ọ̀gá, ẹyẹ ń kú ní adágún. Ọ̀fìnkìn ẹyẹ ni. Ó ti wọ oko adìẹ méjì létí omi níbẹ̀."

"Ọ̀fìnkìn?" Alákòóso wo yíká tábìlì láti rí i pé gbogbo ènìyàn ti múra. "Dókítà, ọmọ mi, ṣé o ti rí adìẹ tó ń fun imú rí?"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Olùṣirò owó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, torí pé ìgbéga tirẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Dókítà dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Orúkọ lásán nìyẹn, ọ̀gá. Orí wọn á wú, ogbe orí wọn á dúdú, tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, wọ́n ti kú. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ló gbé e wá, inú ìgbẹ́ wọn ló wà. Ṣùgbọ́n láti oko dé oko, àwa èèyàn là ń gbé e kiri, nínú lọ́rì, lára àgò, lábẹ́ bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin dè é. Kí adìẹ kankan má kúrò níbi tó wà."

Alákòóso sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sì kọ.

"Ní ìgbà tèmi! Ní ìgbà èmi tí ẹyẹ mọ̀! Kí pẹ́pẹ́yẹ tí kò ní ìwé àṣẹ, tí kò ní àdírẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ baba tó bí i, gbéra láti ibi tí a kò mọ̀, kí ó wá yàgbẹ́ sínú omi wa! Akọ̀wé, máa kọ ọ́! Èkíní: kí a ri pátákó mọ́ etí adágún, kí a kọ ọ́ sí i pé ẹyẹ àjèjì kò gbọdọ̀ bà níbẹ̀. Èkejì: láti òní lọ, adìẹ kankan kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ẹ̀kẹta: èmi fúnra mi yóò bẹ oko méjìlá wò láàárín ọjọ́ méje, kí gbogbo ayé lè fojú rí i pé adìẹ wa le koko!"

Akọ̀wé kọ èkejì, ó sì kọ ẹ̀kẹta sí abẹ́ rẹ̀. Ó tún àwọn méjèèjì kà. Tí ọ̀gá bá ń lọ sí oko méjìlá, Adìẹ Ìbẹ̀wò á ṣáájú rẹ̀ dé oko méjìlá. Ó gbójú sókè. Dókítà ń wò ó, ṣùgbọ́n Dókítà kò mọ nǹkan kan nípa ogójì adìẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti tó. Akọ̀wé la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó rántí pé nínú ìwé ọ́fíìsì, abẹ́ ohun èlò ni wọ́n kọ Adìẹ Ìbẹ̀wò sí, láàárín àga àti aago ògiri. Òfin sọ pé adìẹ kò gbọdọ̀ rìn, kò sọ nǹkan kan nípa ohun èlò. Ó pa ẹnu dé. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Òun náà máa ń rín in báyìí tó bá ń sọ ìtàn náà tó sì dé ibí, a sì máa lu ara rẹ̀ nítan.

Wọ́n ri pátákó náà. Oyè mẹ́sàn-án gba ibi púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà àṣẹ fún ẹyẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré bí èèrà. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹyẹ kan ti bà lé e lórí, ó sì yàgbẹ́ sórí oyè kẹfà. Alákòóso kò rí i, ó ń sọ̀rọ̀.

Oko àkọ́kọ́ kò jìnnà sí etí omi. Táyà lọ́rì bẹ́ níbẹ̀, àwọn Adìẹ Ìbẹ̀wò sì wà láàárín adìẹ onílé fún odindi ọjọ́ méjì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, bí àlejò tí kò yájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún táyà ṣe, ìrìnàjò tẹ̀ síwájú. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, adìẹ kankan kò kúrò níbi tó wà, àfi ogójì yẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin, dírẹ́bà lọ́rì fa Akọ̀wé sẹ́yìn mọ́tò.

"Akọ̀wé, ọ̀kan ti lọ o."

"Ó lọ síbo?"

"Ibi tí adìẹ ń lọ. Ó ti gan."

"Wá òmíràn rọ́pò rẹ̀."

"Mẹ́ta ni mo rọ́pò lánàá, mi ò yọ yín lẹ́nu. Èyí ni mo ní kí ẹ gbọ́, torí òun ni oníka wíwọ́. Ọ̀gá lè bèèrè rẹ̀."

Akọ̀wé jókòó sórí àgò òfìfo. Oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìkejìlá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n lè ya fọ́tò pẹ̀lú Alákòóso, kí àwọn aládùúgbò sì mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ kì í ṣe èèyàn lásán. Ó yọ fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n.

"Àbúrò! Mo ti gbá gbogbo ilé. Mo tún kun ilẹ̀kùn lọ́dà, kí ojú má tì ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ. Kí ló dé tí o pè?"

Ọkùnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú fún Alákòóso, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló rí sọ.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí lọ́rì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ àwọn Adìẹ Ìbẹ̀wò kalẹ̀, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ogbe rẹ̀.

"Adìẹ yìí ò yá."

"Ìrìnàjò ló rẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Àbúrò, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sin adìẹ. Mo mọ èyí tó rẹ̀, mo sì mọ èyí tí kò yá. Mi ò fẹ́ wọn nínú ilé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Tí kò bá bá wọn níwájú, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn."

"Wọn ò ní kó nǹkan kan ran tèmi?"

Ẹ wo ọkùnrin náà dáadáa níbi tó dúró sí yìí, pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé Dókítà wà nínú báàgì rẹ̀.

"Wọn ò ní kó nǹkan kan ràn wọ́n," ni ó wí, pẹ̀lú ohùn ọ́fíìsì.

Ẹ̀gbọ́n gbé adìẹ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa ìdábùú ilẹ̀kùn. "Ìwọ lo kàwé," ni ó sọ, ó sì yà fún wọn.

Alákòóso dé pẹ̀lú mọ́tò mẹ́fà, oníròyìn mẹ́rin, àti olùṣirò owó tó gbé agbòòrùn lé e lórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oòrùn. Ó wọ ibi àwọn adìẹ, ó gbé ọ̀kan mọ́ àyà, ó sì kọjú sí kámẹ́rà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n ní àrùn wà! Àrùn dà? Ẹ wo adìẹ yìí! Ẹ wo bó ti sinmi mọ́ mi láyà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo bó ti dákẹ́! Kì í dákẹ́ fún ẹlòmíràn. Ohùn baba rẹ̀ ló ń gbọ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí adìẹ náà ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. "Ẹ wò ó!" ni Alákòóso kígbe. "Ẹ wo bó ti ń tẹrí ba!"

Pàtẹ́wọ́ náà rọ̀. Alákòóso ṣì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó dé orí ọ̀rọ̀ ẹyin, ó dé orí tòlótòló, ó fi apá adìẹ náà juwọ́ sí àwọn tó ń wòran. Olùdarí ẹ̀ka mẹ́ta wà níbẹ̀, olúkúlùkù wọn ti rí i, olúkúlùkù wọn sì ń retí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni ẹ̀gbọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ó ti kú."

"Kí ló kú?"

"Adìẹ tí ẹ gbé dání."

"Ó ń ronú ni!" Alákòóso mì í. Ọrùn rẹ̀ ṣe jọwọlọ sápá òsì, ó ṣe jọwọlọ sápá ọ̀tún. Pàtẹ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ṣì ń dún lẹ́yìn. Olùṣirò owó ni. Agbòòrùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ilé ló wo àwòrán náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oko méjìlá ti ránṣẹ́ pé adìẹ àwọn ń kú. Dókítà to orúkọ wọn bí wọ́n ti ń ránṣẹ́, ó wá gbé ìwé ètò ìrìnàjò Alákòóso sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ètò méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀kan ni wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú èkejì.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí pe Alákòóso. Ó fọwọ́ sọ̀yà níwájú wọn. "Adìẹ aláìsàn? Ojú mi kò rí ọ̀kan rí láti ọdún mẹ́ta!" Òótọ́ ni, ó sì lè jẹ́ òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ nínú yàrá náà. Nígbà náà ni dírẹ́bà gbé ìwé ohun èlò jáde. Alága ka ìlà náà, láàárín àga àti aago ògiri. Ó bèèrè ẹni tó dá ọgbọ́n yìí.

"Èmi ni," ni Akọ̀wé dáhùn.

Alákòóso yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, kò kọ mọ́. "Àwọn ogójì yẹn... àwọn kan náà ni?"

"Àwọn kan náà ni, ọ̀gá."

"Ní gbogbo ibi?"

"Ní gbogbo ibi."

Ó rò ó díẹ̀. "Oníka wíwọ́ yẹn ńkọ́?"

"Òun náà ni, ọ̀gá. Kò ní ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n yọ Alákòóso nípò. "Ọ̀gbẹ́ni" nìkan ni wọ́n kọ sókè ìwé ìyọnípò náà, nítorí náà ó dá a padà pé kí wọ́n lọ tún un kọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dá a padà. Nígbà kẹta, wọn kò mú ìwé wá mọ́. Kápẹ́ńtà méjì ni wọ́n rán, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ àga náà kúrú kí ó lè gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó jókòó lé e nígbà tí wọ́n ń gé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Àwọn tó ń gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Akọ̀wé fẹ́ràn kí ó parí síbẹ̀. Òun náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dókítà àti èèyàn mẹ́fà tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ dé oko ẹ̀gbọ́n ní àárọ̀ Tọ́sìdeè. Òfin ni: èyí tó ti ń ṣàìsàn àti èyí tí kò tíì ṣe, gbogbo wọn ni wọ́n á pa. Wọ́n ní kí onílé dúró lóde ọgbà. Akọ̀wé dúró tì í. Ariwo inú ilé náà pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń dín kù, ó ń dín kù.

"Ṣé o gbọ́?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Akọ̀wé kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ olójú ewé mẹ́rin sí i. Ó gbé e lọ fúnra rẹ̀, ó dúró kí ẹ̀gbọ́n kà á. Obìnrin náà kà á tán, ó ká a pọ̀.

"Ìwé yìí dùn ún kà," ni ó wí. "Ó mọ́ kedere. Ṣé o lè fi ẹnu sọ ọ́?"

Akọ̀wé wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo mọ̀ pé wọn ò yá, ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ kẹrin ni mo ti mọ̀. Mo pè yín lórí fóònù, mi ò sì sọ."

Ẹ̀gbọ́n fi ìwé náà sápò.

"Èmi náà mọ̀ pé wọn ò yá," ni ó wá sọ. "Mo rí i, mo sì ṣílẹ̀kùn. Torí pé ìwọ ni."

Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bébà sí ni Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ó lè kó adìẹ mìíràn wọlé, pé àrùn ti kúrò níbẹ̀. Kò tíì kó wọn. Ó ní òun ń rò ó. Wọ́n ti fi oògùn fọ ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta, pákó rẹ̀ ti funfun. Ó wà níbẹ̀, ó mọ́, ó sì ṣófo.